Wọ́n Pààrọ̀ Paste Títí, Ooru Ò Lọ: Àkọsílẹ̀ Láptọ́ọ̀pù Kan

Láptọ́ọ̀pù yìí ti jẹ́jọ́ káàkiri kó tó dé ìsọ̀ wa n'Íbàdàn. Ẹni tó ni ín ń gé fídíò ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Bí ayẹyẹ Sátidé bá ti parí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn oníkámẹ́rà ń kó gbogbo ohun tí wọ́n ká wá, ìyá ìyàwó a sì ti máa pè é láàárọ̀ Mọ́ńdè pé fídíò dà. Ẹ̀rọ náà kì í kú lójijì, kì í yọ ojú búlúù, kì í dédé pa ara rẹ̀. Ó kàn ń lọ́ra ni. Iṣẹ́ tó máa ń fi wákàtí kan ṣe tẹ́lẹ̀ ti ń sún mọ́ wákàtí kan ààbọ̀, fáànù rẹ̀ a sì máa pariwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì á gbọ́ ọ.

Tòkunbọ̀ ni. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ọwọ́ wọn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Processor inú rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ni Intel Core i5-8250U, irú èyí tí Intel gbé jáde ní 2017: core 4 (apá mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀), thread 8 (iṣẹ́ mẹ́jọ tó lè jọ máa ṣe pọ̀), eré 1.6 GHz ní ìpìlẹ̀, tó sì lè sáré dé 3.4 GHz bí iná àti ooru bá gbà á láyè. 15 W ni wọ́n kọ fún un, 100°C sì ni ààlà ooru rẹ̀. Bó bá ti dé ààlà yẹn, processor fúnra rẹ̀ á dín eré kù kó má bàa jóná. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ yìí fi ń lọ́ra láìkú: ó ń gba ara rẹ̀ là ni.

Ìsọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé e lọ gbọn eruku inú fáànù, wọ́n sì fi paste funfun olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn nǹkan kíki tí à ń fi sáàárín processor àti bàbà tó ń gba ooru lára rẹ̀, sí i. Ìsọ̀ kejì ní paste funfun yẹn ni ò dáa. Wọ́n nù ún kúrò, wọ́n fi aláwọ̀ eérú tó wọ́n jù ú lọ sí i, wọ́n sì bù ú sí i dáadáa kó lè kárí. Kò sí ìyàtọ̀. Ẹni kẹta, l'Ékòó, ò tiẹ̀ ṣí i. Ó gbọ́ ariwo fáànù, ó ní processor ti gbó, kí ó lọ ra bọ́ọ̀dù mìíràn.

“Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí tó dáa jù sí i,” ni bọ̀dá náà wí nígbà tó gbé e kalẹ̀. “Wọ́n ní ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní liquid metal. Iye tó bá jẹ́, mo máa san án.”

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é ná. Ìgbà wo gan-an ló wá burú tó báyìí?”

Ó ronú díẹ̀. “Kí n má purọ́, ó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, òun ni mo ṣe gbé e lọ fún wọn. Ṣùgbọ́n àtìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí i ló ti wá le báyìí.”

Mo ní kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ tó burú sí i lẹ́yìn àtúnṣe, ohun tí àtúnṣe náà fi sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá.

Iṣẹ́ tí paste ń ṣe ò ye ọ̀pọ̀ nínú wa tó, àìyé yẹn ló sì bí gbogbo pípààrọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ yìí. Ojú processor ń dán, ojú bàbà heatsink (àwo tí à ń dè lé processor kó lè máa gba ooru lára rẹ̀) náà ń dán, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tẹ́jú délẹ̀ nínú méjèèjì. Kòtò kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí wà lára wọn, bí a bá sì gbé wọn léra, afẹ́fẹ́ ló ń kún inú kòtò wọ̀nyẹn. Afẹ́fẹ́ ò mọ ooru gbé. Agbára tó fi ń gbé e kò ju nǹkan bí 0.026 W/mK lọ (W/mK ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń gbé ooru tó: bó bá ṣe tóbi tó ló ṣe dára tó). Ti bàbà tó nǹkan bí 400. Ti paste, èyí tí wọ́n ń kọ sára ike rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 4 sí 12. Ẹni tó bá fojú inú wo nọ́ńbà mẹ́ta yìí á rí i pé paste fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po dára ju afẹ́fẹ́ lọ, àmọ́ kò súnmọ́ bàbà rárá. Kí ó lé afẹ́fẹ́ jáde nínú kòtò ni a ṣe ń fi sí i. Èyí tó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ láàárín ojú méjèèjì, ooru ló ń dí lọ́nà.

Ìṣirò kékeré kan wà tí mo máa ń ṣe fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ká ní ojú processor fẹ̀ tó 120 mm², paste tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ 5 W/mK, ooru tó ń gba ibẹ̀ kọjá sì jẹ́ 15 W. Bí paste bá tẹ́ ní 0.05 mm, ìyàtọ̀ ooru tó máa wà láàárín processor àti bàbà ò tó 2°C. Bí paste kan náà bá nípọn tó 0.5 mm, ó di nǹkan bí 12°C. Bó bá wá jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló wà níbẹ̀, kó tiẹ̀ jẹ́ 0.05 mm péré, ìṣirò á gbé 240°C jáde, ìyẹn ni pé processor á ti sá padà sẹ́yìn tipẹ́tipẹ́. Ẹ wá fi wé èrè tó wà nínú kí a fi paste 10 W/mK rọ́pò ti 5 ní ìnípọn 0.05 mm: kò tó 1°C. Owó tí bọ̀dá yìí fẹ́ san nítorí paste tó dáa jù, ohun tí kò tó 1°C ló fẹ́ fi rà.

A gbé e sórí tábìlì, yàrá wà ní 31°C. HWiNFO, ètò kan tó ń ka ooru àti eré processor, ni a fi ń wò ó; Cinebench R23, ètò ìdánwò kan, ni a fi ń fún un níṣẹ́ tó le. Láìṣe nǹkan kan, ó wà ní 58°C. Bí Cinebench ṣe bẹ̀rẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú kan tí HWiNFO fi kọ Yes síwájú Thermal Throttling (dídín eré kù nítorí ooru), eré processor sì já wá sí nǹkan bí 1.7 GHz, ó dúró síbẹ̀, kò lè gòkè mọ́.

Gbogbo èyí ò tíì sọ nǹkan tuntun fún wa. Ohun tó sọ̀rọ̀ ni ìlà mẹ́rin tí HWiNFO fi ń ka core lọ́kọ̀ọ̀kan. Core méjì wà ní 99°C. Méjì tó kù ò kọjá 85.

Kò sí processor tí ooru core rẹ̀ dọ́gba pátápátá. Ìyàtọ̀ 3 sí 5°C kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n paste tó gbẹ, fáànù tó kún fún eruku, yàrá tó móoru, gbogbo core ni wọ́n jọ ń mú gbóná pọ̀. Wọn kì í yan méjì kí wọ́n fi méjì sílẹ̀. Bí apá kan processor bá ń jóná tí apá kejì wà ní ìrọ̀rùn, ó túmọ̀ sí pé heatsink fara kan ibì kan ju ibì kan lọ. Paste ò lè fa ìyẹn, àyàfi bí ẹni tó fi í bá gbàgbé ìdajì ojú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a ò wá nǹkan kan lọ sínú ike paste mọ́.

A yọ bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù kí a tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Lórí heatsink, ẹ̀gbẹ́ ihò síkúrù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí: 1, 2, 3, 4. Bí a bá ń dè é, láti 1 dé 4 ni, igun sí igun. Bí a bá ń tú u, 4 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ padà sí 1, a kì í sì í tú ọ̀kan tán pátápátá kí a tó kan èkejì. Àwọn kan rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn. A gbé heatsink sókè ní tààrà, kò dúró rárá, nítorí pé paste rẹ̀ ṣì rọ̀. (Àwọn tó ń ṣe desktop AM4, irú ti AMD tí abẹ́rẹ́ wà lábẹ́ processor rẹ̀, mọ̀ pé èyí kì í fìgbà gbogbo rọrùn báyìí. Paste tó ti le lè fa processor tu pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti inú socket. Ó yẹ kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná díẹ̀ kí a tó pa á, kí a sì yí heatsink lọ yí i bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí a tó gbé e.)

Mo yí ojú heatsink sókè lórí tábìlì, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, mo sì tan iná sí méjèèjì.

“Kí lo rí?”

“Paste pọ̀ ṣáá, ọ̀gá,” ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi wí.

“Ẹ̀gbẹ́ wo ló pọ̀ sí?”

Ó tún tẹ orí ba, ó wá dákẹ́. Ní ọwọ́ òsì processor, paste ti tẹ́ débi pé dídán ojú processor ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Bí ojú bá ṣe ń lọ sí ọ̀tún ni paste ń nípọn sí i, tó ń dúdú sí i. Ní etí ọ̀tún pátápátá, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí paste orí rẹ̀ ṣì ń jọ̀lọ̀, tí àmì ike tí ẹni ìṣáájú fi tẹ́ ẹ ṣì wà lára rẹ̀. Lára bàbà tó dojú kọ ibẹ̀, kò sí nǹkan kan, bàbà mọ́ fáú. Heatsink ò fọwọ́ kan ìlà yẹn rí láti ìgbà tí wọ́n ti dè é.

Kí ló gbé apá ọ̀tún sókè? Àwo bàbà heatsink yìí ní ìyẹ́ kékeré kan tó yọ sí ọ̀tún, tó bo àwọn ẹ̀yà tó ń pín iná fún processor. Pádì rírọ̀ kan ló máa ń wà láàárín ìyẹ́ yẹn àti àwọn ẹ̀yà náà kí ooru wọn lè ríbi gbà jáde. Pádì tó wà níbẹ̀ jẹ́ búlúù, irú èyí tó kún ọjà. Mo fi caliper wọ̀n ọ́: 1.5 mm. Ní ẹ̀yìn ìyẹ́ náà, a rí àfọ́kù pádì aláwọ̀ eérú kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí páìpù, èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. 0.5 mm ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ò ṣòro láti mọ̀. Pádì àtijọ́ máa ń ya bí a bá ń ṣí heatsink, pàápàá lára ẹ̀rọ tó ti pẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣí i rí i pé ó ya, kò fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lásán, ó sì gé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Ìwà ọmọlúàbí ni, àwọn mìíràn á jù ú nù tí wọn ò ní fi nǹkan kan rọ́pò. Ṣùgbọ́n pádì ọjà yẹn kì í tẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, spring orí síkúrù ò sì lágbára tó láti fún 1.5 mm wọlé sí àyè 0.5 mm. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba. Nínú láptọ́ọ̀pù yìí, wọ́n ti fi òkúta tó ga ju ti ìyókù lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìkòkò sì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni kejì tó wá pààrọ̀ paste, abẹ́ ààrò tó wọ́ náà ló ń da ọbẹ̀ sí. Ó ṣí i, ó nù ún mọ́, ó fi paste tó dáa sí i, ó tún pádì búlúù náà gbé síbi tó bá a. Ti ẹni tó ní kó ra bọ́ọ̀dù mìíràn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Heatsink àtijọ́ ni wọn ì bá dè mọ́ bọ́ọ̀dù tuntun yẹn, pádì náà a sì tẹ̀ lé e, bọ̀dá náà a sì ti náwó tán kí ooru tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, tí a bá fún síkúrù yẹn le sí i ńkọ́?” Ìbéèrè tó dáa ni, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn. Síkúrù heatsink láptọ́ọ̀pù ní ibi tó ti ń dúró. Bó bá ti débẹ̀, spring nìkan ló ń tẹ processor, agbára tí a bá tún fi kún un, ara bọ́ọ̀dù àti ọrùn síkúrù ló ń lọ. Bẹ́ẹ̀, ìhòòhò ni processor láptọ́ọ̀pù, kò ní ìdérí irin bíi ti desktop. Bí heatsink tó wọ́ bá ń tẹ etí kan ṣoṣo, etí yẹn lè ya, ọ̀rọ̀ ooru á sì di ọ̀rọ̀ òkú ẹ̀rọ.

Liquid metal tí bọ̀dá náà béèrè, mo ṣàlàyé fún un pé àdàlù gallium ni, pé lóòótọ́ ló ń gbé ooru ju paste lásán lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ń gba ara rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀kán kan bá ṣàn sórí àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó yí processor ká, ó parí. Ẹ̀rọ tó ń wọ àpò lójoojúmọ́, tó ń gun ọ̀kadà lọ sí ibi ayẹyẹ, kò yẹ kó ní omi irin nínú. Ó tún ń jẹ àlùmíníọ̀mù run. Bàbà ni ojú heatsink tiwa, ìyẹn ì bá má kàn wá, àmọ́ mo ti rí àwọn tí wọn ò wo ojú heatsink wọn kí wọ́n tó fi í. Pàtàkì ibẹ̀ ni pé liquid metal tẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Kò lè dí àyè ńlá tí pádì yẹn ṣí sílẹ̀. Ì bá burú ju ti paste lọ.

Àtúnṣe fúnra rẹ̀ ò gba àkókò. A fi isopropyl (ọtí tí à ń fi nu ẹ̀yà ẹ̀rọ) àti aṣọ tí òwú rẹ̀ kì í jábọ́ nu ojú méjèèjì títí bàbà fi pọ́n. A gé pádì 0.5 mm sí abẹ́ ìyẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, kí a tó dè é pátápátá, a dán àpá wò: a fi paste tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ojú processor, a dè é láti 1 dé 4, a tún un tú, a wo ojú rẹ̀. Àpá náà dọ́gba láti òsì dé ọ̀tún, kò sí ibi tó jọ̀lọ̀, bàbà náà sì ti gba paste ní gbogbo igun. Nígbà náà ni a nù ún, tí a fi èyí tó máa dúró sí i.

Nípa ọ̀nà tí a ń gbà fi í, àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ ju èrè tó wà nínú rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ẹ̀kán kan láàárín, àwọn kan ní ìlà, àwọn kan ní àgbélébùú. Lórí processor desktop tó ní ìdérí irin, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ bí heatsink bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, nítorí ìdérí náà fúnra rẹ̀ ń tan ooru ká. Láptọ́ọ̀pù yàtọ̀ díẹ̀. Ojú tí a ń wò yẹn ni ẹran ara processor gan-an, igun tí paste ò bá dé, igun tí core kan lè wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà, èmi máa ń fi ike pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ kárí, ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí n tó gbé heatsink lé e. Bó bá pọ̀ díẹ̀ tó ṣàn sétí, tí kì í bá ti í ṣe èyí tí iná ń gbà kọjá, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ìdọ̀tí lásán ni. Ti àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀: ó ń gbé ooru díẹ̀ títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ, ìyẹn kì í sì í pẹ́.

A tan ẹ̀rọ náà. 46°C láìṣe nǹkan kan. Cinebench sáré fún ìṣẹ́jú 10, ooru dúró sí 78, eré dúró sí 2.4 GHz, ìyàtọ̀ core sí core ò kọjá 4°C. Paste tí a fi sí i ò wọ́n ju aláwọ̀ eérú tí ìsọ̀ kejì lò lọ. Bọ̀dá náà wo nọ́ńbà yẹn, ó wo pádì búlúù tó wà lórí tábìlì, ó ní, “Rọ́bà kékeré yìí?” Mo ní òun náà ni. Ó mú un, ó fi sínú àpò rẹ̀, mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tán tí oòrùn oṣù kẹta dé, ó tún pè. Ẹ̀rọ ò tíì burú tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ooru ti ń gun 90 lọ, fáànù sì ti tún ń pariwo. Ó rọrùn láti sọ pé ọjọ́ ló gbóná. Yàrá tó fi 4°C gbóná jù ti tẹ́lẹ̀ lọ á fi nǹkan bí 4°C kún ooru processor, kò lè fi 12 kún un. A wo ìlà mẹ́rin HWiNFO: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ gbóná, ìyàtọ̀ wọn ò ju 3 lọ. Kì í ṣe àrùn ti àkọ́kọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, àpá náà dọ́gba ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n àárín ti ṣófo. Paste ti kúrò láàárín ojú processor, ó ti lọ kó jọ sí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pump-out ni wọ́n ń pe èyí, ẹ̀rọ tí processor rẹ̀ wà ní ìhòòhò ló sì máa ń ṣe jù. Bí ooru bá gòkè, bàbà ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 17 nínú mílíọ̀nù fún 1°C kọ̀ọ̀kan, ti silicon tí wọ́n fi ṣe processor ò sì tó 3. Ojú méjèèjì ń ha ara wọn ní gbogbo ìgbà tí ooru bá gòkè tó sì tún sọ̀kalẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe ń ha ara wọn ni wọ́n ń ti paste tó ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ bọ̀dá yìí gan-an ló wá mú un yára: ó gbé fídíò kan jáde, processor gun òkè, ó dáwọ́ dúró láti gé òmíràn, processor tutù, ó tún gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà nìkan lè lo paste kan náà fún ọdún púpọ̀ láìrí èyí.

Èyí ló jẹ́ kí yíyan paste wá di ọ̀rọ̀ gidi, lẹ́yìn tí ti pádì ti tán. Kì í ṣe nọ́ńbà W/mK tó tóbi jù ni a wá. Ohun tí kò ní ṣàn kúrò ni a wá. Ọ̀nà méjì ló wà: paste tó ki, tó máa ń ṣòro láti tẹ́, tàbí bébà tó ń yọ́, irú Honeywell PTM7950. Bébà yìí le nígbà tó bá tutù, ó ń rọ̀ bí ooru bá ti dé nǹkan bí 45°C, á wá tẹ́ ara rẹ̀ sínú àwọn kòtò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ki tó láti má tẹ̀ lé bàbà jáde. A yan bébà. Ayédèrú rẹ̀ wà lọ́jà, ibi tí a mọ̀ ni a ti rà á.

Fífi í sí i fẹ́ sùúrù. A fi sínú fíríìjì fún ìgbà díẹ̀ kí rọ́bà tó bò ó lè ṣí láìfà á ya, a gé e kó fi díẹ̀ ju ojú processor lọ, a ṣí rọ́bà ìsàlẹ̀, a lẹ̀ ẹ́, a ṣí ti òkè, a dè é. Nígbà tí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ, nọ́ńbà ò wuyì rárá, ó lé díẹ̀ ní 88. Ojú bọ̀dá náà ti yí padà. Mo ní kó fara balẹ̀, kó lọ fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, kó jẹ́ kó gbóná kó sì tutù. Bébà yẹn nílò kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá nígbà bíi mélòó kan kó tó tẹ́ dé ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà tó padà wá, ó wà ní 77 lábẹ́ Cinebench nínú yàrá tó móoru ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ló sì ṣì wà di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní ìsọ̀ wa báyìí, kò sí ẹni tó ń nu paste ẹ̀rọ kan kúrò kí ó tó ya fọ́tò àpá rẹ̀, ti orí processor àti ti orí bàbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àpá tó nípọn lápá kan, pádì tàbí síkúrù ni a ń wá. Àpá tó ṣófo láàárín, irú paste ni a ń yí padà. Àpá tó dọ́gba tó sì gbẹ pátápátá nìkan ni pípààrọ̀ paste lásán wúlò fún. Ooru core kọ̀ọ̀kan ti wà nínú ìwé iṣẹ́, a kì í kọ ti gbogbogbòò nìkan mọ́. Pádì tó bá ya, a ń wọn àfọ́kù rẹ̀ kí a tó jù ú nù, a sì ń fi máàkà kọ ìnípọn rẹ̀ sí inú ìdérí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ fún ẹni tó bá máa ṣí i lẹ́yìn wa, yálà ọ̀dọ̀ wa ló gbé e padà wá tàbí ìsọ̀ mìíràn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ní dídán àpá wò ń fi paste ṣòfò. Paste funfun olówó pọ́ọ́kú ni kí wọ́n fi dán an wò, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n tó wá bu olówó ńlá sí i. Fún ohun tí à ń wá lára àpá, kò sí ìyàtọ̀ nínú méjèèjì.